Ọdún Mẹ́sàn-án Kí N Tó Pe Bọ̀rẹ́kì Lórúkọ

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé sí Thamesmead ní ìlú ọba níbí, ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú arúgbó lọ́sàn-án tí ẹ tún ń kàwé mọ́ ọn, ìbéèrè kan náà lẹ máa ń bi mí bí a bá ti kírun tán: "Alhaji, iṣẹ́ wo lẹ ṣe tí ọwọ́ yín fi le báyìí?" Bí mo bá sì ti ní bọ̀rẹ́kì ni mo ṣe, ẹ̀rín lẹ ó fi sí i. Ẹ̀rín yín ò bí mi nínú. Èmi náà rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i. Ṣùgbọ́n ẹ jókòó dáadáa, ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí pé bí mo bá ti ń sọ̀rọ̀ iṣẹ́ yìí, inú mi máa ń dùn débi pé ọwọ́ mi á fẹ́ máa po ìyẹ̀fun lórí afẹ́fẹ́. Ìyàwó mi ló máa ń ní kí n gbé ọwọ́ sí itan.

Bọ̀rẹ́kì ni oúnjẹ ìyẹ̀fun àwọn ará Tọ́kì. Wọ́n á tẹ́ ìyẹ̀fun tí wọ́n ti pò títí yóò fi tín-ín-rín bí ìwé, wọ́n á fi wàràkàṣì funfun tàbí ẹ̀fọ́ tàbí ẹran lílọ̀ sí i, wọ́n á yí i bí wọ́n bá ṣe fẹ́, wọ́n á sun ún nínú ààrò. Kò sí ṣúgà níbẹ̀ rárá. Iyọ̀ ni tirẹ̀, ọ̀rọ̀ iyọ̀ yẹn ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ayé mi jẹ́, òun náà ló tún un ṣe.

Bí mo ṣe débẹ̀ kò gùn. Mo ń gbálẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Woolwich, mo gbọ́ pé ilé bọ̀rẹ́kì kan lójú ọ̀nà Plumstead ń wá ọkùnrin tó lágbára láti gbé àpò ìyẹ̀fun, mo lọ, wọ́n gbà mí. Owó wọn tó gbọ́ bùkátà, kò tó ṣe fáàrí. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ níbẹ̀.

Obìnrin ló ni ibẹ̀, Nermin Usta. Usta ni àwọn ará Tọ́kì ń pe ẹni tó ti di ọ̀gá nídìí iṣẹ́ ọwọ́. Oyè ni, a kì í rà á, ẹni tó bá ní in ló lè fi ẹlòmíì jẹ ẹ́. Obìnrin kúkurú ni, apá rẹ̀ nípọn, kì í pariwo, ṣùgbọ́n bó bá wo èèyàn, èèyàn á mọ̀ pé wọ́n ti wo òun. Gẹ̀ẹ́sì la jọ ń sọ, tirẹ̀ ń rùn Tọ́kì, tèmi ń rùn Ìjẹ̀bú, a sì gbọ́ ara wa yé. Ràṣídì ni orúkọ mi, àmọ́ Ràṣítì ló ń pè mí, bí wọ́n ṣe ń pè é lọ́dọ̀ wọn.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ ni mo ti fi ẹnu ara mi kó ara mi sí wàhálà. Mo rí tíréè kan tó ń jáde látinú ààrò, òórùn bọ́tà rẹ̀ gbà mí lọ́kàn, mo bá ní, "Usta, kí ni wọ́n ń pe èyí, kí sì ni ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀? Lọ́dọ̀ wa, orúkọ kì í ṣàdédé."

Òótọ́ ni mo sọ. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ohunkóhun tí mo bá rí láyé, ìdí orúkọ rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń wá, bí bàbá mi ṣe tọ́ mi nìyẹn.

Ọwọ́ mi ló wò, kò wo ojú mi. Ó ní, "Ọwọ́ rẹ ò tíì mọ̀ ọ́n. Kí lẹnu rẹ fẹ́ fi ṣe?"

Ó wá là á fún mi. Òfin kan wà ní ilé ìdáná rẹ̀ tí ìyá rẹ̀ fi tọ́ ọ: ọmọ iṣẹ́ kò gbọdọ̀ dárúkọ ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ò tíì lè ṣe. Bó bá fẹ́ tọ́ka sí i, "ìyẹn" ni kó pè é. Ìran bọ̀rẹ́kì pọ̀, a ó máa gba orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí ọwọ́ wa bá ṣe ń mọ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n bọ̀rẹ́kì gan-an, orúkọ tí gbogbo wọn ń jẹ́, àti ibi tí orúkọ náà ti ṣẹ̀ wá, ìgbẹ̀yìn nìyẹn ń bọ̀, lọ́jọ́ tí wọ́n bá fi èèyàn jẹ Usta. Àwọn baba wa náà kúkú sọ ọ́: bí ọwọ́ ẹni ò bá tíì tẹ èèkù idà, a kì í bèèrè ikú tó pa baba ẹni. Láti ọjọ́ yẹn lọ, ohun méjì péré ni mò ń wá láyé: kí wọ́n pè mí ní Usta, kí n sì gbọ́ ìtàn orúkọ yẹn.

Ẹ wo ìyà ìyàwó mi. Bí mo bá délé, á ní, "Kí lẹ ṣe lónìí?"

"Ìyẹn."

"Ìyẹn wo?"

"Ìyẹn náà."

Ó pe àbúrò rẹ̀ lórí fóònù níṣojú mi, ó ní, "Ẹ bá mi gbàdúrà o, ọkọ mi ti lọ wọ ẹgbẹ́ awo àwọn oníyẹ̀fun."

Odindi ọdún kan ni mo fi gbé àpò tí mo sì fi po ìyẹ̀fun. Ẹ má rò pé pípò rọrùn. Usta ní ìyẹ̀fun ò tíì jinná lọ́wọ́ àfi bó bá rọ̀ bí ìsàlẹ̀ etí, níbi tí yẹtí ń wọ̀. Bí mo bá ní mo ti pò ó tán, á fi ìka kan tẹ ìyẹ̀fun, á fi ọwọ́ kejì fa etí mi láti fi wọ̀n. "Etí rẹ rọ̀ jù ú lọ. Padà síbẹ̀." Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe máa ń jáde sí ìta pẹ̀lú etí funfun kan àti etí dúdú kan. Àwọn sójà tó ń wá ra oúnjẹ àárọ̀ láti bárékè mọ̀ mí mọ etí yẹn. Wọ́n á ní, "Good morning, Ear," èmi náà á sì dá wọn lóhùn.

Lẹ́yìn náà ló kan títẹ́. Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan la fi ń tẹ́ ẹ, ó gùn ju apá mi lọ, kò nípọn ju àtàǹpàkò lọ. Ẹ ó máa yí ìyẹ̀fun mọ́ ọn, ẹ ó máa tú u, títí ìyẹ̀fun á fi tẹ́ jáde kọjá etí tábìlì. Yúfúkà ni wọ́n ń pe èyí tó bá ti tín-ín-rín bẹ́ẹ̀. Usta á gbé ìwé ìròyìn sábẹ́ yúfúkà mi, á ní kí n kà á. Bí n ò bá rí lẹ́tà kà, mo padà sẹ́nu iṣẹ́. Bí yúfúkà bá sì ya, ọ̀pá yẹn á bà mí lẹ́yìn ọwọ́, fẹ́ẹ́rẹ́ ni, ṣùgbọ́n ojú tó ń tì mí ń dùn mí jù ú lọ. Mo ti lé lọ́gbọ̀n ọdún nígbà yẹn, mo ti bímọ méjì.

Ọjọ́ tó fi yíyí hàn mí, ó fi ẹ̀fọ́ sórí yúfúkà, ó ká a bí ẹní. Èmi náà ká tèmi. Ó tú u. "Má ká a lásán. Lọ́ ọ." Ó di ọwọ́ mi mú, ó fi lọ́ ìyẹ̀fun náà bí a ṣe ń fún aṣọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀, ṣùgbọ́n pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Lọ́ ọ, lọ́ ọ, lọ́ ọ. N ò mọye ìgbà tí mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ mi, inú mi dùn lọ́jọ́ tí mo gba orúkọ àkọ́kọ́. Èyí tín-ín-rín tó rí bíi sìgá, tí a ń dín nínú òróró, orúkọ sìgá náà ni wọ́n sọ ọ́. Usta gbé ọ̀kan tí ọwọ́ mi ṣe síwájú mi, ó ní kí n dárúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó jẹ ẹ́. Mo pè é lẹ́ẹ̀mẹrin. Nígbà tó yá, mo gba alápá, èyí tó gùn bí apá èèyàn. Mo gba olódòdó, èyí tí a lọ́ títí tó fi pọ́ ara rẹ̀ bí òdòdó róòsì. Ẹ wò ó, orúkọ kọ̀ọ̀kan ń sọ bó ṣe rí, kò sí àdììtú níbẹ̀, mo sì ń ronú pé orúkọ ńlá tí gbogbo wọn ń jẹ́ yẹn, ìtàn ọba ni yóò wà nínú rẹ̀.

Ó wá ku olómi. Òun ni baba gbogbo wọn. Ẹ ó tẹ́ yúfúkà, ẹ ó bọ̀ ọ́ nínú omi iyọ̀ tó ń hó, ẹ ó yọ ọ́ sínú omi tútù, ẹ ó sá a sórí aṣọ kí omi ro dànù, ẹ ó wá tò ó sínú tíréè ní ìpele ìpele pẹ̀lú bọ́tà àti wàràkàṣì. Bó bá pẹ́ jù nínú omi, ó di ògì. Bí kò bá pẹ́ tó, ó le bí awọ. Usta kì í jẹ́ kí ẹlòmíì dúró ti ìkòkò yẹn, àfi èmi, lọ́dún karùn-ún, tó ní kí n máa bá òun yọ yúfúkà jáde. Mo ti ń rí oyè lọ́ọ̀ọ́kán.

Ọjọ́ tó kẹ́yìn nínú Ràmàdáánì ọdún náà, wọ́n bẹ̀ wá ní tíréè olómi mẹ́rìnlá fún oúnjẹ àárọ̀ ọdún ní mọ́ṣáláṣí wọn. Ọ̀sán ni, gbogbo wa ń gbààwẹ̀, kò sẹ́ni tó lè tọ́ nǹkan kan wò. Usta bu iyọ̀ ẹ̀kún ọwọ́ méjì sínú omi. Fóònù dún, ará ilé wọn ló pè, ó jáde lọ dáhùn. Nígbà tó padà dé, ojú rẹ̀ ò sí níbí, ọkàn rẹ̀ ṣì wà lọ́nà ọ̀hún. Ó na ọwọ́ sí abọ́ iyọ̀, ó tún bu ẹ̀kún ọwọ́ méjì sí i.

Mo rí i. Ẹsẹ̀ kan péré ló wà láàárín wa, mo rí i kedere.

N ò sọ nǹkan kan. Ẹ̀yin náà mọ ìdí, ọmọ Yorùbá ni yín. Ta ni èmi tí n ó sọ fún àgbà, ọ̀gá mi, nínú ilé ìdáná rẹ̀, pé ó ti gbàgbé? Wọ́n tọ́ mi pé ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo ní bóyá bí wọ́n ṣe ń ṣe é fún ọdún nìyẹn. Mo ní bóyá ó mọ ohun tó ń ṣe. Mo sọ ojú mi sílẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, mo ń yọ yúfúkà jáde, títí tíréè mẹ́rìnlá fi kún. Wàràkàṣì wọn sì rèé, oníyọ̀ lòun náà tẹ́lẹ̀.

Lọ́jọ́ ọdún, lẹ́yìn ìrun, mo gba ṣọ́ọ̀bù lọ kí wọn. Bàbá arúgbó kan láti mọ́ṣáláṣí wọn ló wọlé, ó gbé tíréè kan dání, wọ́n gé díẹ̀ nínú rẹ̀, ìyókù wà bó ṣe wà. Kò bínú. Ó rọra gbé e sórí káńtà, ó ní, "Nermin, ìwọ kọ́," ó sì jáde. Usta gé e, ó fi sẹ́nu. Mo rí bí ojú rẹ̀ ṣe yí padà. Ọdún tó ti ń ṣe bọ̀rẹ́kì fún wọn ju ọjọ́ orí ọmọbìnrin rẹ̀ lọ, wọn ò sì tíì dá ọ̀kan padà rí. Àwọn mẹ́tàlá tó kù, wọ́n ti dà wọ́n nù.

Ó yíjú sí mi. "O wà níbẹ̀. Ṣé o rí mi?"

N ò lè purọ́ lọ́jọ́ ọdún. "Mo rí yín, Usta."

"Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Àgbà mi ni yín. Ọ̀wọ̀ ni."

Ó ní, "Ọ̀wọ̀ wo nìyẹn? O rí mi tí mò ń já bọ́ sínú kòtò, o dọ̀bálẹ̀ kí mi."

Ó gba gbogbo orúkọ tó fún mi padà lọ́jọ́ yẹn. Sìgá, alápá, olódòdó, gbogbo wọn padà di "ìyẹn". Mo padà sídìí àpò ìyẹ̀fun, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Mo pinnu pé mi ò ní padà lọ. Inú ń bí mi, ojú sì ń tì mí, èyí tí ojú ń tì mí yẹn ló pọ̀ jù. Mo rò ó fún ìyàwó mi pé obìnrin yìí ò mọ ìwà ọmọlúàbí, pé ìbọ̀wọ̀ fún àgbà ló kà sí ẹ̀ṣẹ̀ sí mi lọ́rùn. Ìyàwó mi ń ká aṣọ ọdún, kò gbójú sókè. Ó ní, "Ẹ̀yin náà ẹ wò ó o. Bí wọ́n bá ránni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Tó bá jẹ́ èmi lẹ rí tí mo ń bu iyọ̀ sọ́bẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ṣé ẹ ò ní sọ?"

Mo ní máa sọ.

"Ṣé torí pé ẹ ò bọ̀wọ̀ fún mi ni?"

Mo padà lọ lọ́jọ́ kejì ọdún, mo gbé àpò.

Ó gbà mí ní ọdún mẹ́rin sí i kí n tó kó orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbà padà kí n sì tún dé ìdí ìkòkò. Nínú àwọn ọdún wọ̀nyẹn ni mo wá rí i pé kì í ṣe èmi nìkan ni ọ̀rọ̀ orúkọ yẹn ń jẹ lọ́kàn. Àwọn oníbàárà wa wá láti ibi gbogbo. Ọkùnrin kan láti Algeria wà, ó ní lọ́dọ̀ ìyá òun ni wọ́n ti ń pè é bẹ́ẹ̀. Ìyá kan láti Bosnia ní irọ́ ni, ti àwọn ni. Olùkọ́ àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì ní ọ̀rọ̀ àwọn ará Páṣíà ni, ẹlòmíì ní kíndìnrín ẹran ni wọ́n fi ń pè é torí bó ṣe rí. Wọ́n á jiyàn títí tíì wọn á fi tutù. Mo máa ń gbá ilẹ̀ ibì kan náà lẹ́ẹ̀mẹta kí n lè gbọ́. Usta kì í dá sí i. Bí mo bá wò ó, á rẹ́rìn-ín sí mi, á ní, "Iṣẹ́."

Lọ́dún kẹsàn-án, ẹnìkan ní àdúgbò wa fẹ́ gbé ìyàwó, ó bẹ̀ wá ní olómi. Ojú Usta ti ń wọ̀ bàìbàì nígbà yẹn, kì í fẹ́ kẹ́nikẹ́ni mọ̀. Ó bu iyọ̀ sínú omi, ọmọbìnrin rẹ̀ pè é síwájú ṣọ́ọ̀bù láti wá bá oníbàárà sọ̀rọ̀, ó lọ, ó padà dé, ó na ọwọ́ sí abọ́ iyọ̀.

Ìkúùkù rẹ̀ ti kún fún iyọ̀, ó ti wà lókè omi.

Mo ní, "Usta, ẹ ti fi iyọ̀ sí i."

Ó dúró. "Èmi? Ta ló ń kọ́ ta níbí?"

"Ẹ̀yin lẹ ń kọ́ mi. Ṣùgbọ́n ẹ ti fi sí i."

"Mi ò tíì fi sí i."

Mo rò pé ó ti tán, pé wọ́n á tún gba gbogbo rẹ̀. Síbẹ̀ mo ní, "Ẹ ti fi sí i, Usta. Mo rí yín. Ẹ tọ́ ọ wò."

Ó fi ṣíbí bu omi náà, ó fẹ́ ẹ, ó tọ́ ọ wò. Ó wá rọra da iyọ̀ ọwọ́ rẹ̀ padà sínú abọ́, ó gbọn ọwọ́ nù, ó bọ́ sẹ́yìn kúrò nídìí ìkòkò.

"Ràṣítì Usta," ó ní, "bọ́ síbí. Omi ń hó."

Mo sunkún. Mi ò tijú láti sọ ọ́. Mo ń bọ yúfúkà, omi ojú mi ń já, ọmọbìnrin rẹ̀ ń bẹ̀ mí pé kí n má jẹ́ kó kán sínú ìkòkò, torí iyọ̀ ò tún gbọdọ̀ wọ ibẹ̀ mọ́.

Nígbà tí tíréè jáde, Usta gé ẹyọ kan fún mi. Ó tún mú ìyẹ̀fun díẹ̀ tó ṣẹ́kù, ó nà án gùn, ó di ìkangun kan mú, ó fi ìkangun kejì lé mi lọ́wọ́. Ó ní, "Kí ni mo sọ fún ọ lọ́jọ́ tí mo fi yíyí hàn ọ́?"

"Pé kí n lọ́ ọ."

"Lọ́ ọ."

Mo lọ́ ọ. Ó ní ní èdè àwọn ìyá àwọn àtijọ́, ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń sọ "lọ́ ọ" fún ọmọ iṣẹ́ ni orúkọ náà ti jáde, bọ̀rẹ́kì ò ju ohun tí a lọ́. Ó ní àwọn ọ̀mọ̀wé ṣì ń jiyàn lórí ẹ̀, kí wọ́n máa jiyàn wọn lọ, òun ò bá wọn jà, ohun tí ìyá òun sọ fún òun nìyẹn.

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ń retí ọba. Mo ń retí ogun, ayaba, àlá. Iṣẹ́ ọwọ́ lásán ló wà níbẹ̀, ohun tí mo sì ti ń ṣe láti ọjọ́ tó fi yíyí hàn mí ni. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ ọ́ fún mi láti ìgbà yẹn. Ó ní ẹni tó bá ti gba orúkọ kó tó gba iṣẹ́, ẹnu ni yóò fi máa ṣe bọ̀rẹ́kì. Mo rẹ́rìn-ín títí ikùn fi ń dùn mí. Mo fi ẹsẹ̀ rìn dé ilé, mo gba ẹ̀gbẹ́ Plumstead Common kọjá, mo ń dárúkọ rẹ̀ sókè bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. Nígbà tí ìyàwó mi bi mí pé kí ni mo ṣe lónìí, mo dárúkọ rẹ̀ fún un gbangba. Ó jó yí mi ká nínú pálọ̀.

Ọ̀rọ̀ irinṣẹ́ ò ní dá mi dúró pẹ́. Usta padà sílé wọn nígbà tí ojú rẹ̀ ò gbé e mọ́, ó fi ilé ìdáná sílẹ̀ fún mi, ọmọbìnrin rẹ̀ sì ń bójú tó iwájú. Ẹ̀rọ tó ń tẹ́ yúfúkà dé. Mo kọ̀ ọ́ lóṣù mẹ́ta, lẹ́yìn náà ni èjìká mi bá mi sọ òótọ́ ọ̀rọ̀, mo gbà á. Ààrò tuntun dé, tó máa ń dún pí-pí bó bá jinná, bí ẹni pé imú mi ò ṣiṣẹ́ mọ́. Àwọn oníkẹ̀kẹ́ tó ń gbé oúnjẹ kiri dé, tí fóònù ń rán níṣẹ́. Ọkọ̀ ojú irin tuntun dé Woolwich, ó kó oníbàárà wá láti ibi tí n ò gbọ́ rí. Gbogbo rẹ̀ dáa, mo fẹ́ràn wọn. Ṣùgbọ́n kò tíì sí ẹ̀rọ tó lọ́ ọ bó ṣe yẹ. Ọwọ́ la ṣì fi ń lọ́ ọ.

Ní bí ọdún mẹ́rin sẹ́yìn ni Ṣùkúrá dé ọ̀dọ̀ wa. Ọmọ Ìbàdàn ni, ó ti ṣiṣẹ́ báńkì nílé kó tó tẹ̀ lé ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ nọ́ọ̀sì wá. Òfin Usta ni mo fi tọ́ òun náà, ó sì ṣe é ní àwàdà. Á ní, "Daddy, this your 'ìyẹn' ti pọ̀ jù o. Ọkọ mi rò pé mo ti join secret service." Mo rántí ìyàwó mi àti ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ awo rẹ̀.

Ọwọ́ rẹ̀ yá ju tèmi lọ. Láàárín ọdún méjì, ó ti kó orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo sì fà á dé ìdí ìkòkò olómi.

Ràmàdáánì tó kọjá yìí, ọjọ́ tó kẹ́yìn, tíréè ọdún ló wà níwájú wa, ti mọ́ṣáláṣí wọn àti ti àwa Yorùbá pọ̀. Ààwẹ̀ wà lẹ́nu gbogbo wa. Mo bu iyọ̀ sínú omi. Ọmọ mi obìnrin pè mí lórí fóònù, ó ti bímọ, ọmọ-ọmọ mi kẹta. Ẹ wo ayọ̀. Mo padà sídìí ìkòkò, ẹ̀rín kún ẹnu mi, mo na ọwọ́ sí abọ́ iyọ̀.

Ṣùkúrá wo ọwọ́ mi. Mo rí i tó gbé ẹnu, tó tún pa á dé. Mo mọ ìjà tó ń jà nínú rẹ̀, torí mo ti bá a jà rí, mo sì pàdánù. Nígbà tó yá, obìnrin yìí kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ oníyẹ̀fun yẹn, orúnkún rẹ̀ méjèèjì, ó ní, "Daddy, ẹ má bínú. Ẹ ti fi salt sí i already. Mo rí yín."

Mi ò mọ̀ pé mo ti fi sí i. Títí di bí mo ṣe ń sọ èyí, mi ò rántí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ "ta ló ń kọ́ ta" ti dé ètè mi, mo gbé e mì. Mi ò ní kó bu omi náà fún mi kí n fi ahọ́n kàn án. Mo da iyọ̀ padà sínú abọ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ti tó mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà lọ́kàn mi nígbà náà. Nermin Usta kọ́ mi pé kí n sọ̀rọ̀. Bàbá mi kọ́ mi pé kí n wólẹ̀. Gbogbo ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́ yìí, mo rò pé èèyàn gbọ́dọ̀ mú ọ̀kan nínú méjèèjì ni. Ọmọ Ìbàdàn yìí ló kúnlẹ̀, tó sì sọ ọ́, lẹ́ẹ̀kan náà. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Mo mọ̀ níbẹ̀ pé àsìkò mi ti tó, inú mi sì dùn dé ibi tí mi ò lè sọ.

Mo tú aṣọ ìdáná mi, mo gbé e kọ́ ọ lọ́rùn níbi tó kúnlẹ̀ sí. Mo ní, "Ṣùkúrá Usta, dìde. Omi ń hó."

Lẹ́yìn náà ni mo na ìyẹ̀fun díẹ̀ gùn, mo fi ìkangun kan lé e lọ́wọ́.